Yàrá tí Awáwù Fi Orúkọ Ìyá Rẹ̀ Tọrọ

Ọdún mọ́kànlá ni Awáwù fi sùn ní ìsàlẹ̀ ibùsùn ìyá rẹ̀, ẹsẹ̀ àwọn ará ilé ló sì fi ń mọ̀ bí òru ti lọ tó. Ibi tí wọ́n ń pè ní yàrá ìyá kì í ṣe yàrá. Apá kan ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni, tí wọ́n fi pákó àti ẹní dí, láàrin yàrá Lasísì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti ẹ̀hìnkùlé. Ẹni tó bá ń lọ tọ̀, orí ẹní Awáwù ni yóò gbà. Ẹni tó bá ń lọ pọn omi, orí ẹní Awáwù ni. Sẹ̀nábù, aya Lasísì, a máa sọ pé, "Ọkọ mi, ẹ ká ẹsẹ̀ yín kò," nítorí bí ìyàwó ilé ṣe ń pe ọmọ ilé nìyẹn, ì báà jẹ́ obìnrin. Lẹ́yìn náà á fi ẹsẹ̀ ti ẹní náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni ń ti ewúrẹ́.

Awáwù ti lọ sílé ọkọ rí, ní Bọ́nì. Ó bí ọmọ kan, ọmọ náà kú. Ó lóyún kejì, oyún náà wálẹ̀. Ọkọ rẹ̀ fẹ́ ẹlòmíràn, ó sì fi yàrá Awáwù fún ẹni náà, ni Awáwù bá gbé ọpọ́n kan rù, ó sì dé Ṣábẹ̀, ìlú bàbá rẹ̀, lọ́sàn-án gangan, nígbà tí gbogbo ayé lè rí i. Láti ọjọ́ náà ló ti di dálémoṣú. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èébú lẹ́nu wọn. Ó burú ju èébú lọ, nítorí ipò ni: obìnrin tó kúrò nílé ọkọ, tí kò ní ilé mìíràn ju ilé bàbá rẹ̀ lọ, tí ilé bàbá náà kì í sì í ṣe tirẹ̀.

Kò jókòó tẹtẹrẹ. Ó ń gbé gàrí kọjá bodè lọ sí Ṣakí ní Nàìjíríà, ó ń kó àwo tánganran bọ̀, nígbàkígbà tí ọjà bá sì dára, á ra páànù méjì sí i. Ọdún mẹ́fà ló fi kó páànù mẹ́rìnlélógún jọ. Ó tò wọ́n sábẹ́ ibùsùn ìyá rẹ̀. Bí ìyá bá yí ara padà, páànù á dún. Nígbà tí Nàìjíríà ti bodè ní ọdún 1984, ọ̀nà Ṣakí di ọ̀nà ẹni tí kò bẹ̀rù ìbọn. Awáwù bẹ̀rù ìbọn. Ó wá ń ta ọṣẹ, ìṣáná, àbẹ́là àti ṣúgà oníhóró nínú ọgbà ilé. Ẹni tó bá fẹ́ ra ìṣáná ní láti wọlé, kó kí Lasísì, kó kí Sẹ̀nábù, kó béèrè àlàáfíà ìyá, kó tó rí Awáwù. Ọ̀pọ̀ wọn lọ ń ra ìṣáná níbòmíràn.

Ohun tí ó ń fẹ́ kò pọ̀. Yàrá kan ni, tí kò ju mítà mẹ́ta lọ, tí ó ní ilẹ̀kùn tirẹ̀ sí ojú ọ̀nà tó lọ sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Kí ẹni tó fẹ́ ra nǹkan kan ilẹ̀kùn, kó rà á, kó máa lọ. Kí òun náà lè jáde kó sì wọlé láìsí ẹni tí yóò bi í pé níbo ló ti ń bọ̀. Obìnrin ogójì ọdún ni.

Ní ẹ̀rùn ọdún 1985, Lasísì kéde pé òun yóò fi yàrá mẹ́ta kún ilé bàbá wọn ní apá ọ̀nà. Àbíbù, ọmọ rẹ̀ àgbà, fẹ́ gbé ìyàwó. Yàrá kan nìyẹn. Òwú àti iṣu ń bàjẹ́ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Yàrá kejì nìyẹn. Kò sọ ti ẹ̀kẹta. Kò sì sọ ohun tí yóò fi bo ilé náà lórí. Kò sí ẹni tó bi í, nítorí gbogbo ilé ló mọ ibi tí páànù wà.

Láti ọjọ́ yẹn ni ara Awáwù kò ti balẹ̀ mọ́. Kí àwọn tó kù tó jí, ó ti wà lórí ilẹ̀ gbalasa náà, ó ń fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n. Lónìí á gbé yàrá rẹ̀ sí igun òkè, níbi tí oòrùn àárọ̀ yóò ti wọlé. Lọ́la á rántí pé omi òjò ń gba igun náà kọjá, á gbé e sí àárín. Lọ́túnla á tún gbé e padà. Ó ń jẹun lórí ìdúró. Bí ẹnìkan bá ń bá a sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ á wà nílẹ̀, ó ń gbé ibùsùn kan tí kò tíì rà láti ògiri kan tí kò tíì sí lọ sí ìkejì.

Páànù kan, mítà méjì. Bí méjì bá gun ara wọn lórí díẹ̀, tí a sì yọ èyí tí yóò nà sóde kí òjò má baà na ògiri, yàrá tí wọ́n lè bò kò ju mítà mẹ́ta lọ ní gígùn. Ìbú páànù kò pé mítà kan. Bí a bá to méjìlá tí wọ́n gun ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, mítà mẹ́sàn-án ni. Ìlà méjì, méjìlá méjìlá. Yàrá mẹ́ta, mítà mẹ́ta mẹ́ta, kò sì ní ṣẹ́ kù ẹyọ kan. Awáwù ṣe ìṣirò náà lẹ́ẹ̀mẹfà, kò yí padà. Ilé náà kò lè tóbi ju bí páànù rẹ̀ ṣe mọ lọ. Òun ló ni ìwọ̀n ilé náà, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Sẹ̀nábù bá a níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan.

"Ọkọ mi, kí lẹ ń wá nílẹ̀? Ṣé nǹkan yín ló bọ́?"

"Mò ń ka ẹsẹ̀ mi ni, ìyàwó."

"Ẹsẹ̀ yín kò ju méjì lọ. Mo ti bá yín kà á tipẹ́."

Gbólóhùn kan péré ló yẹ kí ó lọ sọ fún Lasísì: mo fẹ́ yàrá kan, mo fẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ sí ọ̀nà. Ṣùgbọ́n nínú ilé yẹn ẹnikẹ́ni kì í tọrọ nǹkan fún ara rẹ̀. Bí ẹran bá wu ènìyàn jẹ, á ní àlejò ni ebi ń pa. Nígbà tí Lasísì fẹ́ ra alùpùpù, ó ní oko ló nílò rẹ̀. Nígbà tí Sẹ̀nábù fẹ́ lọ rí àbúrò rẹ̀ ní Kútọnu, ó ní eyín ló ń dun ọmọ. Ìwà ọmọlúàbí ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá ní "èmi ni mo fẹ́ ẹ" ti di olójúkòkòrò kí ó tó pa ẹnu dé. Bí ẹni náà bá sì wá jẹ́ dálémoṣú, wọ́n á ní ó fẹ́ já ilé bàbá rẹ̀ gbà lọ́wọ́ àwọn ọkùnrin. Awáwù kò gbọ́n jù wọ́n lọ. Ó ṣe bí wọ́n ti ń ṣe.

Ó dúró dìgbà tí Lasísì jẹun tán.

"Ẹ̀gbọ́n, ìyá ti dàgbà. Kò yẹ kí wọ́n ṣì máa sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí ẹ bá lè fún wọn ní ọ̀kan nínú yàrá mẹ́ta yẹn, páànù tó wà lọ́wọ́ mi, ẹ fi bo gbogbo rẹ̀."

Lasísì ń fọ eyín rẹ̀ pẹ̀lú igi. Ó wò ó títí.

"Gbogbo páànù náà?"

"Gbogbo rẹ̀."

"O ṣeun. Ọmọ gidi ni ọ́. Yàrá kẹta, ti ìyá ni."

Ó yá jù. Ìyẹn ló yẹ kí ó ká a lára. Ṣùgbọ́n Awáwù rò pé ó yé wọn. Ìyá ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ta ni kò mọ̀ pé ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ni yóò ni yàrá náà? Ó yé wọn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí a kò sọ, ẹni tó bá wù ú lè ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ọ, ẹ̀rí kankan kò sì sí láti fi mú un.

Ìyá nìkan ni kò yé. Ó gbà á gbọ́ tinútinú. Ní ọ̀la rẹ̀ ó ti ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá wọlé pé àwọn ọmọ òun ń kọ́ yàrá fún òun, ohùn rẹ̀ sì le ju bí ó ti wà láti ọdún mélòó kan lọ.

"Awáwù, ọ̀dọ̀ Lasísì ni kí ilẹ̀kùn mi kọjú sí, kí ó lè máa gbọ́ ikọ́ mi. N kò fẹ́ afẹ́fẹ́ o. Ọyẹ́ ń wọ inú eegun mi."

"Mo gbọ́, Ìyá."

"Kí wọ́n sì lu ilẹ̀ rẹ̀ dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ẹ ó sin mí sí."

"Ìyá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀."

"Kí ni mo sọ? Bàbá yín wà nínú yàrá tirẹ̀. Ṣé orí ààtàn lẹ fẹ́ gbé mi jù sí?"

Awáwù jáde síta. Ó mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Yàrá tí ìyá bá sùn sí títí láé, ọmọkùnrin ló ń jogún rẹ̀, tí ó sì ń tọ́jú rẹ̀. Páànù mẹ́rìnlélógún, ọdún mẹ́fà, ibojì ni ó fi ń ṣe ìbòrí fún.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ó lọ bá Clément. Clément ni délégé, aṣojú ìjọba ní àdúgbò wọn. Olùkọ́ ni tẹ́lẹ̀; Ìjọba Ìyípadà fún un ní tábìlì, òǹtẹ̀ àti àga mẹ́fà. Ní ìpàdé oṣù tó kọjá, ó dúró níwájú gbogbo àdúgbò, ó ní ọkùnrin àti obìnrin ti dọ́gba, pé àṣà ìjọba àwọn baba ńlá tó ń tẹ ọmọ obìnrin mọ́lẹ̀ ti kú, wọ́n sì ti sin ín. Awáwù pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú àwọn tó kù.

"Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá."

"Kamarádì là ń wí. Kò sí ọ̀gá mọ́."

"Ẹ káàárọ̀, kamarádì."

"Ìjà ń bá a lọ." Bí wọ́n ti ń kí ara wọn ní ìpàdé nìyẹn. "Jókòó."

Hélène, aya rẹ̀, kúnlẹ̀, ó gbé omi fún un, ó sì padà sẹ́yìn ilé.

"Ẹ sọ ní ìpàdé pé ọmọ obìnrin ní ẹ̀tọ́ sí ilé bàbá rẹ̀."

"Mo sọ ọ́. Ó wà nínú ìwé."

"Ilẹ̀kùn kan ni mo fẹ́. Ṣé ẹ lè bá ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀?"

"Ilẹ̀kùn." Clément bọ́ dígí ojú rẹ̀, ó ń nù ún. "Ṣé ẹ̀gbọ́n rẹ lù ọ́ ni?"

"Rárá."

"Ó lé ọ jáde?"

"Rárá."

"Kí ló wá ṣe?"

"Kò tíì ṣe é. Kí ó tó ṣe é ni mo fi wá."

"Kamarádì Awáwù, ọ̀rọ̀ ìpàdé ni ọ̀rọ̀ ìpàdé. Èyí ọ̀rọ̀ ilé ni. Lasísì kì í sì í pa ìpàdé jẹ." Ó fi dígí rẹ̀ sójú padà. "Ìwọ fúnra rẹ ti sọ fún un pé o fẹ́ ilẹ̀kùn?"

"Mo ní ìyá ló fẹ́ yàrá."

Clément rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárọ̀ náà. "O wá fẹ́ kí ìjọba bá ọ sọ ohun tí ìwọ kò lè fi ẹnu ara rẹ sọ."

Òótọ́ lọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n kò dín ìtìjú Clément tó sọ ọ́ kù.

Ìlọ̀rí ni mọlémọlé tí Lasísì pè. Ọkùnrin tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ọwọ́ rẹ̀ ti funfun láti inú amọ̀ ogójì ọdún. Kì í ya ilé sórí ìwé. Eérú ló fi ń yà á sílẹ̀, ní kùtùkùtù, kí atẹ́gùn tó dìde. Ó kan èèkàn, ó na okùn, ó ń da eérú lé ojú okùn náà díẹ̀díẹ̀ láti inú igbá, gbogbo ilé sì dúró ń wò ó.

"Èmi kì í béèrè pé yàrá mélòó," ni Ìlọ̀rí wí. "Ẹni tí yóò wà níbẹ̀ ni mo ń béèrè. Ẹni ló ń sọ ibi tí ilẹ̀kùn ń lọ. Èyí ńkọ́?"

"Àbíbù àti ìyàwó rẹ̀," ni Lasísì dáhùn.

Ìlọ̀rí fi àlàfo sílẹ̀ nínú eérú ní apá ọgbà. "Èyí?"

"Òwú àti iṣu."

"Ojú ọ̀nà nìyẹn, kí ọmọlanke lè dé ẹnu rẹ̀." Ó fi àlàfo sílẹ̀ ní apá ọ̀nà. Báyìí ni òwú ṣe rí ilẹ̀kùn sí ojú ọ̀nà. "Ẹ̀kẹta ńkọ́? Ta ni yóò sùn níbí?"

"Ìyá ni."

Ìlọ̀rí kò da eérú. Awáwù ló ń wò. Ó ti bá ipa ẹsẹ̀ nílẹ̀ náà nígbà tó dé, ọ̀kan níwájú ìkejì, gígísẹ̀ kan ọmọ ìka, ó sì mọ ẹsẹ̀ ẹni tó ń wọn ilẹ̀ yàtọ̀ sí ẹsẹ̀ ẹni tó ń kọjá lọ.

"Ìyá nìkan?"

Kò sí ẹni tó di Awáwù lẹ́nu.

"Ìyá," ni ó wí, "àti ẹni tó ń tọ́jú wọn."

"Ẹni tó ń tọ́jú ìyá, ẹ̀gbẹ́ ìyá ló ń sùn," ni Lasísì fèsì, "kì í ṣe ojú títì."

Sẹ̀nábù fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìlọ̀rí fi àlàfo kẹta sílẹ̀, ó kọjú sí yàrá Lasísì.

"Fèrèsé ńkọ́?" ni Awáwù bi í.

"Ihò kékeré kan sókè," ni Lasísì wí. "Ìyá ní ọyẹ́ ń wọ òun léegun."

Lasísì bu omi tútù, ó wọ́n ọn sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nínú ilé wọn, eérú tí omi bá ti kàn, wọn kì í tún un yà mọ́. Kò sí ẹni tó mọ ẹni tó fi òfin náà lélẹ̀. Ó ṣáà ti máa ń wúlò fún ẹni tí igbá omi bá wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n gbẹ́ ìpìlẹ̀. Wọ́n po amọ̀ pẹ̀lú koríko gígé, wọ́n tẹ̀ ẹ́ títí ó fi rọ̀. Ìlọ̀rí mọ ìpele kìíní láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ga dé orúnkún. Ọjọ́ mẹ́rin ni yóò fi gbẹ kí ó tó lè ru ìkejì.

"Amọ̀ òní, ọ̀bẹ lè gé e," ni ó ń sọ fún Àbíbù bí ó ti ń fọ ọwọ́. "Amọ̀ ọ̀la, àdá. Amọ̀ ọ̀túnla, lọ wá àáké."

Awáwù gbọ́. Kò sí ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ náà ó yí ògiri náà po ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Ó jókòó, ó dìde. Ó tẹ amọ̀ náà pẹ̀lú àtàǹpàkò, àtàǹpàkò rẹ̀ wọlé. Bí ó bá jẹ́ kí ọjọ́ méjì kọjá, ó parí.

Kí oòrùn tó yọ, ó mú àdá oko Lasísì, ó lọ sí apá ọ̀nà, ó fi apá rẹ̀ wọn ìgbọ̀nwọ́ méjì, ó sì gé ògiri náà láti òkè dé ilẹ̀. Ó rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù. Kò yára, kò sì ṣe jágbajàgba. Ó gé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tọ́, ó kó amọ̀ náà jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó nu àdá náà mọ́. Nígbà tí Lasísì jáde láti ṣe àlùwàlá, ó bá a ní ìdúró níbẹ̀.

"Ta ló gé ògiri mi?"

"Èmi ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Orí rẹ pé?"

"Ó pé."

"Kí lo gé e fún?"

Amọ̀ dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ohun tí ó gé wà níwájú wọn méjèèjì, kò sí ohun tí ó kù láti fi bò. Gbólóhùn náà ti dé ètè rẹ̀.

"Ìyá nílò afẹ́fẹ́," ni ó wí.

"Ìyá tó ń sá fún afẹ́fẹ́." Lasísì gba àdá lọ́wọ́ rẹ̀. Kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, ó ti ní kí Ìlọ̀rí dí i padà.

Ọjọ́ mẹ́rin kọjá, Ìlọ̀rí mọ ìpele kejì. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì rẹ̀, Awáwù tún wà níbẹ̀. Lasísì ti tọ́jú àdá. Ọ̀bẹ ìdáná ni ó mú. Ó gé ti òkè. Ti ìsàlẹ̀ kò gbà á lágbára: àlẹ̀mọ́ tí wọ́n fi dí i ti gbẹ, ó ti sún kì, ọmọ ìka wọ àárín òun àti ògiri. Awáwù fi ẹsẹ̀ tì í, ó ṣubú lódindi.

Sẹ̀nábù ló kọ́kọ́ dé, garawa lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọkọ mi, ẹ̀yin ni ikán ilé yìí?"

"Máa lọ pọn omi rẹ, ìyàwó."

"Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń ré yín kọjá lọ pọn ọ́n."

"Nítorí kí o má ré mi kọjá mọ́ ni mo ṣe ń gé e."

Sẹ̀nábù wo àlàfo náà, ó wo ọ̀nà lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé garawa rẹ̀ lọ. Òun nìkan ni Awáwù sọ òtítọ́ fún, òun sì ni kò lè ṣe nǹkan kan sí i.

Nígbà tí Ìlọ̀rí dé, Lasísì ti ń dúró dè é. Ìlọ̀rí fi àtẹ́lẹwọ́ pa ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n gé, ó wo àlẹ̀mọ́ tó wà nílẹ̀.

"N kò ní dí i mọ́."

"Èmi ni mo pè ọ́ síṣẹ́."

"Ìwọ ni. Amọ̀ gbígbẹ àti amọ̀ tútù kì í fẹ́ra wọn, Lasísì. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì dí i fún ọ nítorí o ń pariwo. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá dé, ibẹ̀ ni yóò ti là, orí ìyá rẹ ni yóò sì wó lé. Orúkọ mi ni wọ́n ó máa dá. Yálà kí a wó odindi ògiri yẹn dé ìpìlẹ̀, tàbí kí o jẹ́ kí ó di ilẹ̀kùn."

"Omi ti kan eérú."

"Omi kan eérú. Ògiri ni mo ń bá ọ sọ."

Lásìkò tí wọ́n ń jiyàn lọ́wọ́ ni ìyá fi ọ̀pá rìn jáde láti wá wo yàrá rẹ̀. Ọdún kẹrin nìyí tí orúnkún rẹ̀ kò jẹ́ kí ó kọjá ẹ̀hìnkùlé. Ó dé ibi àlàfo náà, ó rí i pé ó ṣí, ó ní kí Àbíbù gbé àpótí wá, ó sì jókòó sáàárín rẹ̀. Ọjọ́ náà, ọkọ̀ ojú irin ń bọ̀ láti Kútọnu, àwọn obìnrin ń sáré gbé iṣu sísè àti ẹ̀pà lọ sí ibùdó. Albertine, ọ̀kan nínú wọn, dúró gbọnin.

"Ìyá Lasísì? Ṣé ẹ̀yin nìyẹn? A rò pé ẹ ti…"

"Ẹ rò pé mo ti kú. Rárá o. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo wà."

Albertine rẹ́rìn-ín títí igbá fi fẹ́ jábọ́ lórí rẹ̀. Ó fún ìyá ní ẹ̀pà kan ẹ̀kúnwọ́. Ẹlòmíràn kí i, ìyá dáhùn, ó sì bi í léèrè ọmọ rẹ̀. Ojú arúgbó náà ń lọ ó ń bọ̀.

Lasísì wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ìyá, ẹ̀yin lẹ ní kí Awáwù gé ògiri yìí?"

Ìyá ń jẹ ẹ̀pà. Ó wo Lasísì, ó wo ọ̀nà.

"Èmi ni. Mo fẹ́ máa rí ọ̀nà."

"Ẹ ní ẹ kò fẹ́ afẹ́fẹ́."

"Mo fẹ́ ẹ báyìí."

Lasísì dìde. Òun kì í ṣe òmùgọ̀. Ó yíjú sí Awáwù, ó sì rọra bi í, bí ẹni tó mọ̀ pé òun ti pàdánù ògiri ṣùgbọ́n tí ohun mìíràn ṣì kù tí òun lè gbà.

"Ti ìyá ni ilẹ̀kùn náà nígbà yẹn. Àbí? Sọ ọ́ kí Ìlọ̀rí gbọ́, kí Àbíbù náà gbọ́."

Gbogbo wọn ń wò ó. Bí ó bá ní rárá, yóò sọ ìyá rẹ̀ di òpùrọ́ níwájú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, yóò sì gba yàrá lọ́wọ́ arúgbó tó ń yọ̀. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ti parí. Ó gé amọ̀ lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, kò bẹ̀rù. Gbólóhùn náà kò yẹ kó le ju amọ̀ lọ.

"Ti ìyá ni," ni Awáwù wí.

Ìlọ̀rí gbé àtẹ́rígbà igi líle sórí ilẹ̀kùn náà ní ìpele kẹrin. Wọ́n kan páànù mẹ́rìnlélógún mọ́ orí yàrá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí òjò tó dé, kò ṣẹ́ kù ẹyọ kan, gẹ́gẹ́ bí Awáwù ti ṣírò rẹ̀. Òwú wọlé. Ìyàwó Àbíbù wọlé. Ìyá wọlé, wọ́n gbé ibùsùn rẹ̀ síbi tí ó fi ọ̀pá tọ́ka sí, Awáwù sì tẹ́ ẹní tirẹ̀ síbi tó kù.

Láti ìgbà náà, ìyá kì í kúrò lójú ilẹ̀kùn. Bí ó bá ti kírun àárọ̀ tán, àpótí rẹ̀ ti wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ nà kọjá láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì. Ó ń kí ẹni tó ń lọ, ó ń kí ẹni tó ń bọ̀. Ọmọ tí ó bá mọ ìyá ìyá rẹ̀, á fún un ní ṣúgà Awáwù lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá wá ra ọṣẹ á kọ́kọ́ ròyìn gbogbo ilé rẹ̀ fún un, á gba àdúrà lẹ́nu rẹ̀, á gbàgbé ọṣẹ.

"Ìyá, ẹ sún díẹ̀, kí n lè gbé tábìlì mi jáde."

"Kí n sún lọ síbo? Ojú ilẹ̀kùn mi nìyí. Ìwọ fúnra rẹ lo sọ ọ́, Ìlọ̀rí gbọ́."

Awáwù á dúró lẹ́yìn rẹ̀ nínú yàrá, á rìn dé ibùsùn, á padà. Bí oòrùn bá mú, tí orí arúgbó náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú sí àyà rẹ̀, Awáwù á yọ́ wá. Á na ọwọ́ jáde lókè orí ìyá, á gba owó lọ́wọ́ ẹni tó dúró lójú ọ̀nà, á gbé ọṣẹ lé e lọ́wọ́, kíá, láìsọ̀rọ̀. Nígbà mìíràn á tó ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ìyá tó jí.

"Ta ni yẹn?" ni ìyá á bi í, ojú rẹ̀ kò tíì là tán.

"Kò sí ẹnìkan, Ìyá."